Ẹdun pupa Bayelsa: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò olùkọ́ kan

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kejì 2025. Ìbàdàn sí Yenagoa

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí ọkọ̀ wa fi gbéra ní Ìwó Róòdù. ₦16,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan dé Benin, awakọ̀ sì tún gba ₦2,000 lórí páálí àwòrán tí mo ká jọ, ó ní ó ń gba àyè èrò. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bá a jà, kò gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbé ohun ìkọ́ni rìn, ẹ ti ka owó ẹrù mọ́ ọn látilé.

Àwa méjì là ń lọ: èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì, àti àbúrò kan tó sin ìlú ní Bayelsa. Ó ti ní ìyàwó, ó ti bímọ, Àgùnbánirọ̀ náà ni mo ṣì ń pè é. Òun ló mọ ọ̀nà, òun ló mọ èèyàn. Èmi mọ ẹranko tí a fẹ́ lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé kan níbẹ̀ nípa rẹ̀, àmọ́ inú ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹdun pupa ni, tí àwọn ará Ijaw ń pè ní epieni. Kò sí níbòmíràn láyé àfi igbó àbàtà Niger Delta, ní Bayelsa àti etí ìpínlẹ̀ Delta. Ọdún 1993 ni àwọn onímọ̀ ẹranko ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, Peter Grubb àti C. Bruce Powell sì kọ nípa rẹ̀ ní 1999. Lónìí, ó wà lára àwọn tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, kà sí ẹranko tó kù díẹ̀ kó run tán.

Ìbejì ni mí. Láti kékeré ni ìyá mi ti ń kì mí ní ọmọ ẹdun tí ń ṣeré orí igi, tó sì ń kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ẹran ẹdun. N kò rí ẹdun kankan sójú rí, ì báà ṣe dúdú, ì báà ṣe pupa.

A jẹun ní Ọ̀rẹ̀. Ìrẹsì àti ẹran ₦2,500, ẹran náà le bí nǹkan míì. Lẹ́yìn Ọ̀rẹ̀, bí ẹ ṣe ń sún mọ́ Òfosù, àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́bàá títì. Ihò ọ̀nà mú kí ọkọ̀ wa rọra, ọkùnrin kan bá na òyà tútù sí wíńdò wa. Lórí àtẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀bọ méjì tí wọ́n ti yan wà níbẹ̀, wọ́n fi ìrù wọn so wọ́n lọ́rùn. Ìyá kan nínú ọkọ̀ bèèrè iye tó ń tà á. Àgùnbánirọ̀ wò mí, mo wo ìta.

Ní Benin a pààrọ̀ ọkọ̀, ₦14,000 dé Yenagoa. Sapele, Effurun, Ughelli. Ní Ughelli a jẹ usi, sítáàṣì tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, àti ọbẹ̀ banga, ìyẹn ọbẹ̀ ẹyìn, ₦3,500. Ẹni tí kò bá jẹ usi rí, kó fi epo pa ọwọ́ dáadáa, nítorí ó ń fà, ó sì ń lẹ̀. Ní Patani, obìnrin tó jókòó tì mí nawọ́ sí ibi tí omíyalé ti gé títì yìí ní 2022, ó ní orí títì lòun sùn nígbà náà, òun àti àpò gààrí. Ó bù nínú ẹ̀pà rẹ̀ fún mi láìjẹ́ pé mo tọrọ. A gun afárá Kaiama lálẹ́, òkùnkùn kò jẹ́ ká rí odò Nun. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ sùn ní Benin, kí ẹ fi ọ̀sán gba títì East-West yẹn kọjá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kejì. Yenagoa

Ọjọ́ ìnájà. Ní Swali a ra ìwé, pẹ́ńsù àti ṣọ́ọ̀kì, a tún ra ọtí fún olórí ìlú. Ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí apá Apoi Creek kì í ná ibẹ̀ lójoojúmọ́, ọjọ́ ọjà ló ń lọ. Bí a kò bá fẹ́ dúró, àfi ká háyà. Ẹni àkọ́kọ́ pè é ní ₦140,000, a ná an dé ₦90,000 lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tòun ti epo. Mo ní kó gbé jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì wá kí n tó sanwó. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e wá. Ẹ máa bèèrè rẹ̀, ẹ má tijú.

Ẹ jẹ́ kí n má dárúkọ ìlú tí a lọ. Ìlú kékeré ni, létí igbó tí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn àgbáyé Ramsar ní 2008 gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ olómi tó yẹ kí ayé dáàbò bò. Ẹni tó ń wá ẹran epieni rà náà mọ bí wọ́n ti ń lo Google.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kejì. Lórí omi

Oṣù Kejì ni, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn ni. Òjò kò gbọ́. Ó mú wa láàárín odò, níbi tí kò sí ilé, kò sí ibùdó, àfi igi ògùrọ̀ àti omi. Mo fi ara bo páálí àwòrán, omi sì ń gba abẹ́ mi wọlé. Ibi tí a ti ń sáré fún òjò ni koríko ojú omi ti wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó tutọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Awakọ̀ wa tẹ̀ba, ó fi àdá ń gé koríko, ọkọ̀ ń yí lọ yí bọ̀.

Tọkọtaya kan tó ń ti oko ẹja bọ̀ nínú ọkọ̀ àjẹ̀ ló yà sọ́dọ̀ wa. Ọkọ di ọkọ̀ wa mú kó má baà yí, ìyàwó bọ́ tapólì tó fi bo ẹja tirẹ̀, ó jù ú sí mi. Ẹja wọn wà nínú òjò, páálí mi wà lábẹ́ tapólì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì jí, mo fẹ́ fún wọn lówó. Obìnrin náà fi ọwọ́ ṣe pé rárá, ó ní kí n sáà kí olùkọ́ ọmọ òun. Ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé ìwé tí a ń lọ gan-an.

A dé. A lọ kí amananaowei, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe olórí ìlú. Ọtí méjì àti ₦10,000 lórí rẹ̀, a kúnlẹ̀ ní tiwa bí wọn kò tilẹ̀ béèrè ìkúnlẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bi wá ni pé ṣé iléeṣẹ́ epo ló rán wa. Àgùnbánirọ̀ ní rárá, nítorí epieni ni. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní láti Ìbàdàn? Nítorí ọ̀bọ?

Ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń yan ẹja la sùn. Kekefia ló sè fún wa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dúdú tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sínú epo, ẹja yíyan àti ewé olóòórùn. Mo jẹ àjẹtúnjẹ. Lẹ́yìn oúnjẹ mo tú páálí. Pupa ti ṣàn wọ inú dúdú, dúdú ti wọ funfun. Gbogbo ẹdun mi ti di àbàwọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kejì. Nínú kíláàsì

Lára ògiri kíláàsì náà, ìlà pálapàla kan gba òkè pátákó ìkọ̀wé kọjá. Omi 2022 ló fà á. Àwọn ọmọ ń jókòó mẹ́rin mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì tó yẹ kó gba méjì, àwọn kan wà lójú wíńdò. Pídgin la ń sọ, olùkọ́ wọn ń tú u sí Izon, èdè àwọn Ijaw, fún àwọn kéékèèké.

N kò mú ìwàásù "ẹ má pa á" wá. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń dẹ̀gbẹ́ ti gbọ́ ọ tó, á sì kàn máa retí ìgbà tí ẹ máa dákẹ́. Mo bi wọ́n pé ta ló ti rí epieni. Ọwọ́ díẹ̀ ló lọ sókè, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ pé lórí ọjà ni wọ́n ti rí i. Mo bi wọ́n pé kí ló ń jẹ. "Ewé!" Ewé wo? Ariwo sọ. Ọmọbìnrin kan tó di irun kókó fi ọwọ́ júwe igi tó ń hù nínú àbàtà, ewé rẹ̀ fẹ̀, òdòdó rẹ̀ ṣe róbótó. Abùrà ló ń júwe. Ọmọkùnrin ẹ̀yìn rẹ̀ ní, "Òun ni bàbá mi ń là."

A ó padà síbẹ̀.

Ọwọ́ la kọ́kọ́ ṣe. Epieni kò ní àtàǹpàkò, gbogbo ẹ̀yà ẹdun ni kò ní in. Mo fi okùn ògùrọ̀ di àtàǹpàkò àwọn ọmọ mẹ́wàá mọ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn, mo ní kí wọ́n bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rín pa kíláàsì. Ẹnì kan fi eyín bó o. Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ wọn, pẹ́ńsù ń jábọ́. Lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n lọ so mọ́ igi tó dábùú àtẹ̀gùn ilé ìwé. Wọ́n so rọ̀ wẹ́rẹ́. Ìka mẹ́rin kọ́ igi bí ìwọ̀, àtàǹpàkò kò sí lójú ọ̀nà. Ọmọ tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ló pẹ́ jù lórí igi. N kò ṣàlàyé kankan, wọ́n ti gbà á.

Ikùn ló ṣòro. Ewé le, oúnjẹ inú rẹ̀ kò yá yọ, inú tèmi tìrẹ kò sì lè rí nǹkan kan mú nínú rẹ̀. Ikùn epieni ní yàrá yàrá, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí sì kún inú rẹ̀, àwọn ló ń mú kí ewé náà kan kí ara tó lè lò ó. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú. Wọ́n mọ̀ ọ́n: ẹ kó o sómi, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, á máa hó, á máa rùn, á rọ̀. Mo ní bí fùfú ṣe ń kan nínú agbada ni ewé ń kan nínú epieni, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ tán tó ń jókòó lórí ẹ̀ka fún ìgbà pípẹ́ tí ikùn rẹ̀ á yọ. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni àwọn ń pè é.

Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní àbúrò bàbá òun mú ọmọ epieni kan wálé nígbà kan, wọ́n ń fún un ní búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, ikùn rẹ̀ wú, ó kú. Ó rò pé àìsàn ló pa á. Kíláàsì dákẹ́, wọ́n ń wò mí. Mo ní kí wọ́n fúnra wọn sọ ohun tó pa á. Ọmọbìnrin onírun kókó ló sọ ọ́: àwọn kòkòrò inú rẹ̀ kò mọ búrẹ́dì. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ni, n kò tíì gbọ́ ìdáhùn tó mọ́ báyẹn lẹ́nu ọmọ tó tó bẹ́ẹ̀.

Àwòrán mi ti bàjẹ́, ẹ rántí. Olùkọ́ wọn ló ní kí wọ́n ya tuntun sí ẹ̀yìn páálí náà. Èédú ni wọ́n fi ya ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, wọ́n lọ wa amọ̀ pupa létí odò fún ìhà àti apá, ṣọ́ọ̀kì ni ti ikùn funfun. Amọ̀ náà pọ́n ju pẹ́ńtì tí mo fi ₦4,000 rà lọ. Ọmọ kan ya àtàǹpàkò sí i, àwọn yòókù pariwo mọ́ ọn títí tó fi fi itọ́ nù ún kúrò.

Nígbà náà ni ọmọ alápákó yẹn bi mí ní ìbéèrè rẹ̀. Bí bàbá òun kò bá là abùrà mọ́, kí ni àwọn á jẹ? Mo sọ òótọ́ fún un pé ẹja àti oko ni mo rí tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀, pé n kò sì lè pàṣẹ fún bàbá rẹ̀. Mo sọ fún wọn nípa ìbátan epieni kan tó wà ní Ghana àti Côte d'Ivoire, tí kò sí onímọ̀ kankan tó fojú rí i láàyè láti 1978. Ẹranko tó ń jẹ èso lè ṣí lọ wá èso níbòmíràn. Èyí tó ń jẹ ewé igi àbàtà, tí àbàtà náà sì pin sí etí odò, níbo ló fẹ́ ṣí lọ?

Lẹ́yìn tí wọ́n jáde, olùkọ́ wọn, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan, bi mí bóyá mo mọ ibi tí pákó yẹn ń lọ. Ó ní àwọn oníṣòwò tó ń ti òkèèrè wá ló ń gbé ẹ̀rọ ìlagi àti owó wá, àwọn ló ń gbẹ́ ọ̀nà omi tààrà wọ inú igbó kí gẹdú lè léfòó jáde, omi àbàtà sì ń bá ibẹ̀ ṣàn lọ. Àwọn bàbá ọmọ wọ̀nyí, owó iṣẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n ń gbà. Mo mọ ibi tó ń lọ. Mo ti bá káfíńtà mi dé ìsọ̀ pákó Bódìjà, abùrà ni wọ́n fi ṣe sílìn yàrá mi. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní nígbà náà, Ìbàdàn ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, ó ń gbọn eruku ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kejì. Inú igbó

Ọdẹ àgbà kan ló mú wa wọ igbó, ₦15,000 àti bàtà òjò tí mo fi sílẹ̀ fún un. Ẹrẹ̀ dé orúnkún. Ẹ̀fọn kò ka ọ̀sán sí nǹkan kan, ẹ mú oògùn rẹ̀ dání. A dé ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ọ̀nà gẹdú, omi náà tọ́ lọ gbọnrangandan, kùkùté sì wà lọ́tùn-ún lósì.

Ó ní nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, ariwo wọn lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, ọ̀pọ̀ wọn á wà lórí igi kan náà. Bí ìbọn bá dún, àwọn ọ̀bọ yòókù á sá, epieni á dúró lórí ẹ̀ka máa wo ẹni tó yìnbọn. Ó ní ìyẹn ló jẹ́ kí ó rọrùn. Àgùnbánirọ̀ bi í bóyá ó mọ̀ pé òfin ti wà láti 1985 tó dáàbò bo irú ẹranko bẹ́ẹ̀. Ó ní òun gbọ́, pé òun kò pa á mọ́ nítorí òun kì í rí i mọ́. Mo gbádùn pé kò parọ́ fún wa.

Orí igi mì níwájú, ọkàn mi fò. Ọ̀bọ mona ni, ikùn rẹ̀ funfun, ó wò wá, ó lọ. Lábẹ́ abùrà ńlá kan tí wọ́n kò tíì gé, ọdẹ bẹ̀rẹ̀, ó ṣa igi ewé kan sókè. Wọ́n ti jẹ ewé náà mọ́ eegun rẹ̀, ó ku igi àárín àti orí rẹ̀ tó ṣì tutù, ojú eyín wà létí rẹ̀. Ó ní epieni ló jẹ ẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àná. A jókòó síbẹ̀ pẹ́, ẹ̀fọn jẹ wá ní àjẹyó. A kò rí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kejì. Àbọ̀

Ọjọ́ ọjà ni, a bá àwọn obìnrin ẹlẹ́ja wọ ọkọ̀ èrò, ₦12,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó gbà wá sílé di ẹja yíyan fún wa, kò gbowó oúnjẹ, owó ilé nìkan ló gbà, ₦5,000 lóru kan. Páálí méjì tí àwọn ọmọ yà ló wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n fún wa kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ kíláàsì tèmi, èyí tó kù wà lára ògiri wọn lókè ìlà omi.

Níbi àyẹ̀wò àwọn sójà lórí omi, ọ̀kan ní kí n tú u. Ó gbọ́ tí mo ń bá Àgùnbánirọ̀ sọ Yorùbá. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, ọmọ Ìkìrun ni mí. Kí lẹ̀yí?" Mo ní ẹdun pupa ni, inú igbó tí ẹ̀ ń ṣọ́ yìí ló wà. Ó gbé e wò dáadáa, ó fi ìka kan amọ̀ rẹ̀, ó ní, "Ó dáa o. Ṣé ó dùn jẹ?" Àgùnbánirọ̀ ní, "Ọ̀gá, ewé kíkan ló kún inú ẹ̀. Kò lè dùn." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ bóyá ó gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ó ká páálí náà padà dáadáa kó tó fún mi.

Fún olùkọ́ tó bá fẹ́ lọ: ẹ lọ láàárín Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kẹta. Láti Oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá, omi lè wà nínú kíláàsì. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná mànàmáná, fídíò orí fóònù á kú kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ kẹwàá. Okùn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èédú tó. Páálí yín, ẹ fi ọ̀rá dì í lọ́nà méjì. Ẹ rí olórí ìlú kí ẹ tó rí olùkọ́, kí ẹ sì ní ará ìlú kan tó máa bá yín wọkọ̀, nítorí ètò ààbò orí omi ń yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Gbogbo ìnáwó àwa méjèèjì lé díẹ̀ ní ₦300,000, ọkọ̀ ojú omi tí a háyà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Bí ẹ bá duro de ọjọ́ ọjà ní àlọ pẹ̀lú, ẹ ó fi èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ra ìwé fún àwọn ọmọ.